Ta Ló Ni Igi Yìí?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, mo kí yín o. Bí ìwé yìí bá bá yín lórí ìjókòó, ẹ kú ìjókòó. Bó bá bá yín lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Ọpẹ́ ni fún Olúwa tó jẹ́ kí ojú wa ríran kàwé, tó sì jẹ́ kí etí wa ṣì máa gbọ́ bí ewé ṣe ń mì lórí igi. Ẹni tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ sí lára bó ti ń ka èyí, kó dúró díẹ̀ ná, kó dúpẹ́. Ìtàn ọjọ́ iwájú ni mo mú wá, ìtàn ìlú Arómisá, tí àwọn tí òkun lé kúrò ní etíkun tẹ̀ dó sórí òkè. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ló ń gbé ibẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Inú ń bí mi bí mo ti ń kọ ọ́, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ìbínú kan wà tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Kí Mopélọ́lá, akọ̀wé tó ń ka igi fún ìjọba, tó dé Òpópó Ìrẹ̀lẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, Àgbégbìn ti gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá ni, ó ga ju ilé alájà méjì lọ. Ẹsẹ̀ irin mẹ́rin ló fi dúró, abẹ mẹ́fà tó tẹ̀ bíi ṣíbí sì wà nídìí rẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló mọ̀. Yóò ri abẹ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bọ ilẹ̀ yí igi ká, yóò wa igi náà tòun ti gbòǹgbò àti erùpẹ̀ bí ẹni wa iṣu, yóò gbé e gba ojú títì lọ sí ìsàlẹ̀ ìlú, yóò sì gbìn ín sínú ihò tí wọ́n ti gbẹ́ dè é nínú Ọgbà Ìtura. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi sọ ọ́ ní Àgbégbìn. Àwọn ará Òpópó Ìrẹ̀lẹ̀ kò pè é bẹ́ẹ̀. Agbégilọ ni wọ́n ń pè é.

"Àǹtí Akọ̀wé, ẹ mà pẹ́ o!" Gbọ́lágadé tó ń wa ẹ̀rọ náà kígbe láti inú yàrá dígí tó wà lókè. Ó ń jẹ àádùn. "Àtàǹpàkò yín nìkan là ń retí. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí n gbé igi mi, kí n rí ibi fi orí pamọ́ sí kí Agogo Iná tó lù."

Aago mẹ́wàá ààbọ̀ ti kọjá. Bí agogo bá lù ní mọ́kànlá, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ wà nínú oòrùn ní Arómisá títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Òfin ni. Àwọn ẹyẹ irin yóò máa fò káàkiri òkè, wọn yóò máa ka orí. Ẹni tí wọ́n bá rí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọn yóò pa àtàǹpàkò rẹ̀: kò ní lè fi ṣílẹ̀kùn mọ́, kò ní lè fi wọ mọ́tò, kò ní lè fi bu omi lẹ́nu ẹ̀rọ. Òfin náà dára nígbà tí wọ́n ṣe é, nítorí oòrùn ti pa ènìyàn púpọ̀. Ṣùgbọ́n òfin tó ní kí gbogbo ènìyàn wà lábẹ́ òjìji kò sọ ibi tí tálákà yóò ti rí òjìji.

Abẹ́ igi ọdán ni àwọn ará Òpópó Ìrẹ̀lẹ̀ ti ń rí i. Páànù ni òrùlé ilé wọn gbogbo, ẹni tó bá sì jókòó sábẹ́ páànù lọ́sàn-án ní Arómisá, yíyan ló ń yan ara rẹ̀. Nítorí náà, bí agogo bá ti ń múra àtilù, gbogbo òpópó á kó bẹ́ǹṣì, á kó ẹní, á kó ọmọ, wọn á wá sábẹ́ igi náà. Ẹ̀ka rẹ̀ nà láti ojúlé kẹwàá dé ojúlé kẹrìnlá. Ibẹ̀ ni télọ̀ ti ń ránṣọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọmọ lórúkọ, ibẹ̀ ni ìjọ wọn sì ti ń pàdé láti ọjọ́ tí ilé ìsìn ti gbóná ju ohun tí ara lè gbà lọ.

Mopélọ́lá mọ igi náà dáadáa. Bàbá rẹ̀ ni Katikísì ìjọ yẹn fún ọdún mọ́kàndínlógún, kí ooru tó dá a dúbúlẹ̀. Abẹ́ igi náà lòun fúnra rẹ̀ ti kọ́ ABD.

Ìyá Ìjọ Fẹ́hìntọ́lá, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, jókòó lórí bẹ́ǹṣì iwájú, ó gbé atẹ lé itan, ó ń ṣa ẹ̀wà. Abẹ kan lára abẹ Àgbégbìn kò jìnnà sí ẹsẹ̀ rẹ̀ ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ. Kò wò ó rárá.

Mopélọ́lá kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. O ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Irọ́ ni. Ojú rẹ ti wọnú. Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, mà. Wọ́n ní kí n kí yín."

Bàbá Rántí, télọ̀ òpópó náà, gbé ojú sókè lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. "Ìyá Ìjọ! Ẹni tó wá wa igi yín lẹ̀ ń béèrè bàbá lọ́wọ́ rẹ̀! Ṣé kí n bá a se ẹ̀wà yẹn náà?"

"Ṣé bàbá rẹ̀ ló ń wa igi ni?" Ìyá Ìjọ sọ, ó sì ju òkúta kan sílẹ̀ láti inú atẹ. "Bàbá rẹ̀ kì í ṣe olè. Jẹ́ kí n kí ẹni tí mo bá fẹ́ kí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Mopélọ́lá lára. Ó dìde. Ó di ohun tó so mọ́ ọrùn rẹ̀ mú, àpótí kékeré kan tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Ẹ̀rí ni wọ́n ń pè é. Ohunkóhun tí Ẹ̀rí bá gbọ́, kò ní gbàgbé. Ohunkóhun tí akọ̀wé bá sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ sínú rẹ̀ ti di òfin.

"Igi ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́rìnlá," ni Ẹ̀rí wí pẹ̀lú ohùn obìnrin tí kò gbóná tí kò tutù. "Ọdán. Olúwa igi: kò sí. Akọ̀wé, tẹ àtàǹpàkò kí wọ́n lè gbé e."

Olúwa igi: kò sí. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Bí ọ̀rọ̀ burúkú yẹn ṣe dé inú ìwé ìlú nìyí.

Oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ yìí ni ìgbìmọ̀ Ọgbà Ìtura rán Mopélọ́lá wá sí Òpópó Ìrẹ̀lẹ̀ àti òpópó mẹ́sàn-án tó yí i ká, kó wá ka igi. Ìlú fẹ́ ọgbà ńlá kan, ọgbà tí irú rẹ̀ kò sí, tó máa gba gbogbo ìsàlẹ̀ ìlú láti ẹnu odi dé etí odò. Inú Mopélọ́lá dùn sí iṣẹ́ náà. Ó wà lára àwọn tó ya àwòrán rẹ̀. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó yí adágún omi ká. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìgbìmọ̀ fi rí i pé igi tí wọ́n bá gbìn lónìí kò ní ṣíji bo ẹnikẹ́ni kí ogójì ọdún tó pé. Ni wọ́n bá wá ọ̀nà àbùjá. Òfin ní igi tí kò bá ní olúwa, ti ìlú ni. Kí akọ̀wé lọ láti ilé dé ilé, kó béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo níwájú Ẹ̀rí: ta ló ni igi yìí?

Ó béèrè. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n dá a lóhùn. Báwo ni ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ṣe ń dáhùn bí àlejò bá ní, ta ló nilé yìí? Ta ló lọmọ yìí tó rẹwà báyìí? Ṣé yóò gbé àyà sókè, kó ní èmi ni? Ìyá kan ní ojúlé kìn-ín-ní dáhùn pé, "Ọlọ́run ló ni ín." Bàbá tó tẹ̀lé e ní, "Ti Olúwa ni, àwa kàn ń jẹ ẹ́ ni." Ẹlòmíràn ní, "Tìrẹ náà ni, ọmọ wa," ó sì já àgbálùmọ̀ mẹ́rin fún un, ó fi ewé pọ́n ọn. Ilé dé ilé, òpópó dé òpópó, ìdáhùn kan náà ni, tẹ̀ríntẹ̀rín, tọ̀yàyàtọ̀yàyà.

Ẹ̀rí sì ń sọ lọ́jọ́ náà pé, "Ọlọ́run. Orúkọ yìí kò ní àtàǹpàkò nínú ìwé ìlú. Ṣé kí n kọ ọ́ pé kò ní olúwa?"

Nígbà àkọ́kọ́, ọwọ́ Mopélọ́lá dúró lófuurufú. Ó padà sí ọ́fíìsì, ó sọ fún Ọ̀gá Ṣówándé, olórí ìgbìmọ̀ náà, pé ohun tí àwọn ènìyàn ń wí kọ́ ni ẹ̀rọ ń kọ. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ohun tí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ni kó o kọ. Àbí ìwọ lo fi í sí wọn lẹ́nu?" Òfin sì tún sọ pé akọ̀wé tó bá kọ́ ènìyàn ní ìdáhùn, wọn yóò lé e kúrò níṣẹ́. Mopélọ́lá padà. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́rìnlá.

Ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kànlá lára igi náà ti lọ báyìí. Ìdajì òpópó ibẹ̀ ti di ìhòòhò.

Mọ́tò funfun kan rọra dúró lẹ́yìn Àgbégbìn. Ọ̀gá Ṣówándé sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú agbòòrùn lórí. Ọkùnrin tó mọ ènìyàn kí ni, kò sì ní ìgbéraga lójú. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Ìjọ kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

"Ìyá wa, ẹ kú àárọ̀. Mo ní kí n fúnra mi wá, nítorí igi yín kì í ṣe igi lásán." Ó na ọwọ́, àwòrán ìmọ́lẹ̀ kan sì là sórí ilẹ̀ níwájú bẹ́ǹṣì, ó tẹ́ rẹrẹ bí ẹní. Ọgbà náà nìyẹn. Omi adágún ń dán, àwọn ọ̀nà ń lọ kọ́lọkọ̀lọ láàárín koríko, ẹyẹ ń fò. "Ẹ wo àárín gbùngbùn yìí. Ààyè kan ṣófo. Igi yín ló máa dúró síbẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án òní la ó ṣí ọgbà náà. Ìran tó ń bọ̀ yóò máa jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ṣé kò yẹ kí inú yín dùn?"

Ìyá Ìjọ tẹjú mọ́ àwòrán náà fún ìgbà pípẹ́. "Ó dára," ó ní. "Ẹni tó yà á ní ojú inú. Ṣé a lè wọ̀ ọ́?"

"Ẹ lè wọ̀ ọ́ dáadáa, mà. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, fún ẹni tó bá ní ìwé òjìji."

"Ta ló ní ìwé òjìji níbí?" Bàbá Rántí kígbe. "Ẹ na ọwọ́ sókè, kí n kà yín!" Kò sẹ́ni tó na ọwọ́. "Háà! Igi wa á wọ ọgbà, àwa á dúró lẹ́nu ọ̀nà bíi bàtà!"

Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn.

"Ọ̀gá," ni Ìyá Ìjọ wí, "bí o bá gbé igi yìí lọ, tí agogo lù, níbo ni kí n wà? Nínú ilé, ooru á pa mí. Níta, ẹyẹ rẹ á kà mí. Òfin tìrẹ ni, èmi kọ́ ni mo ṣe é. Sọ ibi tí ó ní kí n wà."

Ọ̀gá Ṣówándé mí kanlẹ̀. "Ìyá, ìgbìmọ̀ mìíràn ló ń rí sí ìyẹn."

"Ìgbìmọ̀ mìíràn." Ìyá Ìjọ tún ọ̀rọ̀ náà sọ wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Ọlọ́run dá igi kó tó dá wa. Ó tẹ́ òjìji sílẹ̀ de ènìyàn kí ènìyàn tó dé. Ẹ̀yin wá ń ka ènìyàn tí kò ní òjìji, ẹ tún ń kó òjìji rẹ̀ lọ. Ẹ ò bẹ̀rù?"

Ọ̀gá yí padà sí Mopélọ́lá. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Tẹ̀ ẹ́, jọ̀ọ́. Àkókò ń lọ."

Mopélọ́lá wo àtàǹpàkò rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má rò pé ó rọrùn. Àtàǹpàkò yẹn ló ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá méjì tí ìgbìmọ̀ fún un ní Àdúgbò Òjìji, níbi tí wọ́n ti na aṣọ ńlá bo ojú títì, tí atẹ́gùn tútù ń jáde lára ògiri. Nínú ọ̀kan lára yàrá náà ni bàbá rẹ̀ wà. Lọ́dún tó kọjá, ooru gbé Bàbá Katikísì ṣubú nínú ilé onípáànù, dókítà sì ní bó bá tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan sí i, kò ní dìde. Bí àtàǹpàkò Mopélọ́lá bá kú, wọn yóò ní kí wọ́n kó jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó ń ṣe ìdájọ́ fún un láti orí àga tó tutù, kó rántí bàbá tirẹ̀.

"Òfin fún mi láyè láti béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó gbé igi," ni Mopélọ́lá wí. "Mo fẹ́ béèrè, sà."

Ọ̀gá Ṣówándé wò ó. Lẹ́yìn náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ó mọ irú ènìyàn tí Ìyá Ìjọ jẹ́. "Béèrè."

Bàbá Rántí fò dìde, abẹ́rẹ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Ìyá Ìjọ, ẹ gbọ́. Ẹ sọ pé tiyín ni. Ọ̀rọ̀ méjì péré! 'Tèmi ni.' Ó parí! Ọlọ́run kò ní bínú, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìjọba ni."

"Ẹ sọ ọ́, mà," àwọn obìnrin ń bẹ̀ ẹ́. "Nítorí àwọn ọmọ, ẹ sọ ọ́."

Mopélọ́lá tún kúnlẹ̀, ó gbé Ẹ̀rí síwájú ìyá àgbàlagbà náà. "Ìyá Ìjọ. Ta ló ni igi yìí?"

Ìyá Ìjọ gbé atẹ ẹ̀wà kúrò lórí itan. Ó wo òkè sínú ewé.

"Ọlọ́run ló ni ín," ó wí.

Igbe ta. Bàbá Rántí gbá orí mú. "Yé è! Ìyá Ìjọ ti pa wá! Mo ní Ọlọ́run kò ní bínú!"

"Bàbá Rántí, Ọlọ́run lè má bínú. Èmi ni inú ń bí." Ó dìde dúró, gbogbo gíga rẹ̀ tí kò ju ti ọmọbìnrin ọdún méjìlá lọ. "Èmi kò gbìn ín. Ìyá ìyá mi bá a níbí lọ́jọ́ tó sá fún òkun pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ìwé kó tó jókòó sábẹ́ rẹ̀. Bí mo bá wá sọ lónìí pé tèmi ni, kí ló yà mí sọ́tọ̀ lára ọ̀gá yìí? Òun náà ń sọ pé tòun ni. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ gbé igi. N kò ní jẹ́ kó gbé ẹnu mi."

Ẹ̀rí sọ̀rọ̀. "Ọlọ́run. Orúkọ yìí kò ní àtàǹpàkò nínú ìwé ìlú. Ṣé kí n kọ ọ́ pé kò ní olúwa?"

Ìyẹn ni ìgbà kejì tí ó bi Mopélọ́lá ní ìbéèrè yẹn lórí igi kan náà. Inú ló ń bí i, sí Ọ̀gá, sí àpótí náà, ṣùgbọ́n sí ara rẹ̀ jù lọ. Oṣù mẹ́fà ló fi sọ fún ọkàn ara rẹ̀ pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Ẹ̀rọ kò mọ Ọlọ́run, kò mọ ìyá, kò mọ ìwà. Òun mọ̀ ọ́n. Òun gbọ́ wọn yékéyéké lójúlé kọ̀ọ̀kan, òun sì tẹ ohun mìíràn.

"Rárá," ó wí.

"Mopélọ́lá," ni Ọ̀gá pè é, jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀rí, gba ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Èmi, Mopélọ́lá Atóyèbí, akọ̀wé igi, mo jẹ́wọ́. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí ta ló ni igi wọn. Wọ́n dá mi lóhùn bí ọmọlúàbí. Mo mọ̀ pé ẹni tó ni igi ló dúró níwájú mi, mo sì tẹ̀ ẹ́ pé igi kò ní olúwa. Èké ni. Gbogbo ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́rìnlá, èké ni, èmi ni mo sì ṣe é."

Ó tẹ àtàǹpàkò mọ́ ọn.

"Ẹ̀rí èké," ni àpótí náà wí, ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Gbogbo ohun tí àtàǹpàkò yìí tẹ̀ ti wó. Gbogbo igi tí a gbé nípa rẹ̀ di ọ̀ràn ilé ẹjọ́. Wọn kò gbọ́dọ̀ ṣí ọgbà. Àtàǹpàkò yìí kú."

Lókè, nínú yàrá dígí, iná kú pátá. Abẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rọra fà sẹ́yìn bí èékánná ológbò. Àwòrán ìmọ́lẹ̀ tó wà nílẹ̀ parẹ́, adágún àti ẹyẹ àti gbogbo rẹ̀, ó ku erùpẹ̀.

Ojú Ọ̀gá Ṣówándé ti pọ́n. "Ogójì ọdún ni mo ti ń lá àlá ọgbà yẹn. Ogójì ọdún! Ìwọ náà yà á pẹ̀lú wa. O ti ba ohun tó dára jù nílùú yìí jẹ́."

"Ó dára, sà," Mopélọ́lá wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ gbìn ín. Ẹ gbìn ín láti orí hóró, kí ẹ sì dúró dè é bí gbogbo ènìyàn ti ń dúró de igi."

"Wọn yóò rán akọ̀wé mìíràn wá. Yóò béèrè, wọn yóò sì tún dáhùn bákan náà. Ìyá yìí ti ṣèlérí fún wa."

"Yóò gbọ́ ohun tí wọ́n wí, sà. Èmi náà gbọ́ ọ. Kó rántí pé ó gbọ́."

Ọ̀gá wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ, agogo sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù.

Ẹni kan ṣì wà lókè. Gbọ́lágadé ń gbá dígí, òógùn ti bò ó, nítorí atẹ́gùn tútù ẹ̀rọ rẹ̀ ti kú pẹ̀lú iná.

"Sọ̀ kalẹ̀, jàre," ni Ìyá Ìjọ pè é, "kí o tó jinná síbẹ̀."

Ó fi àkàbà sọ̀ kalẹ̀, ó dúró létí òjìji, ojú tì í. Bàbá Rántí wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Agbégilọ, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ wá jókòó sábẹ́ èyí tí ẹ ò rí gbé?" Gbọ́lágadé na àádùn tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sí i. Télọ̀ gbà á, ó jẹ ẹ́, ó sún fún un lórí bẹ́ǹṣì.

Mopélọ́lá ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ń retí kí Ìyá Ìjọ gbé e dìde, kó ní o ṣeun, kó ní Ọlọ́run ti dárí jì ọ́. Ìyá Ìjọ kò sọ bẹ́ẹ̀.

"Bí agogo ìrọ̀lẹ́ bá lù, lọ gbé bàbá rẹ wá," ó wí. "Wọ́n á bá a tẹ́ ẹní síbi tó máa ń dúró sí. Ìyẹn ti tán." Ó padà jókòó. "Mopélọ́lá, ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kànlá ló ti lọ."

"Mo mọ̀, mà."

"Bí ẹjọ́ bá délẹ̀, wọn yóò ní àwọn kò mọ ilé tí wọ́n ti wa igi kọ̀ọ̀kan. Mélòó lo rántí?"

Mopélọ́lá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ronú nípa àgbálùmọ̀ mẹ́rin nínú ewé. "Gbogbo wọn."

Bàbá Rántí tú aṣọ dúdú kan lára ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ọ̀pá mẹ́fà gbáko, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì mú ṣọ́ọ̀kì. "Máa wí. Bí o bá yára jù, màá gbá ọ létí."

"Ojúlé kìn-ín-ní, Òpópó Ìrẹ̀lẹ̀," ó bẹ̀rẹ̀. "Àgbálùmọ̀. Ilé Ìyá Mosúnmọ́lá."

"Mo wà níbí," obìnrin kan dáhùn láti ẹ̀yìn.

"Ojúlé kejì. Ìyeyè méjì, ọ̀kan tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ilé Bàbá Dáhùnsí."

Kò sí ìdáhùn. Lẹ́yìn náà, ohùn ọmọbìnrin kékeré kan wí pé, "Bàbá ti kú nígbà tí oòrùn mú lóṣù tó kọjá. Èmi wà níbí."

Ṣọ́ọ̀kì Bàbá Rántí dúró lórí aṣọ. Lókè, ẹyẹ irin kan fò kọjá, ó wá orí tí yóò kà, kò rí ọ̀kan.

"Kọ ọ́," ni Ìyá Ìjọ wí. "Kọ orúkọ bàbá náà, kí o kọ ti ọmọ. Ìwọ, máa kà lọ."

Ó ń kà á lọ.

Ìwọ tí o bá mi dé ibí, mo gbàdúrà fún ọ. Bí ọ̀sán bá gbóná fún ọ láyé, kí Olúwa fi ìjókòó hàn ọ́ níbi tó tutù, kí o sì rí ẹni tí yóò sún fún ọ. Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ẹnu rẹ kò ní di ìdẹkùn fún ọ lọ́wọ́ ọlọ́gbọ́n ayé. Bí wọ́n bá fi àtàǹpàkò rẹ lé ohun tó burú, kí Ẹ̀mí Mímọ́ dá ọwọ́ rẹ dúró. Bí o bá sì ti tẹ̀ ẹ́ ná, kí ó fún ọ ní ẹnu láti jẹ́wọ́ nígbà tí igi ṣì wà ní ìdúró. Bẹ́ẹ̀ ni yóò rí fún ọ, fún ilé rẹ, àti fún ọmọ rẹ. Àmín.